Olùkọ́ kàrátè tí ń kọ́ni lójoojúmọ́: ìgbà wo ni òun fúnra rẹ̀ ń kọ́?

Ìdúró_Ẹṣin:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè yìí wà fún àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí kíkọ́ni ní kàrátè, ì báà jẹ́ Shotokan, Goju-ryu, Wado-ryu tàbí ìlànà mìíràn, nítorí ó dá mi lójú pé ohun tí ó ń ṣe mí yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti wọ dójò (ilé ìdánrawò kàrátè), mo sì ti ń kọ́ni láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ohun tí mo wá ń kíyè sí ni pé bí wákàtí tí mo ń lò nínú dójò ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdánrawò tèmi gan-an ń dín kù. Mo ń ké "ichi, ni, san", ìyẹn ení, èjì, ẹ̀ta ní èdè Japan. Mo ń rìn láàárín ìlà. Mo ń gbé ìgbọ̀nwọ́ ọmọ kan sípò, mo ń sọ fún òmíràn pé kí ó tẹ orúnkún iwájú sí i. Mo lè ju ẹ̀ṣẹ́ kan tàbí kí n ta ìpá kan láti fi ṣàpẹẹrẹ, lẹ́yìn náà ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tí kíláàsì bá máa fi parí, òógùn ti rin aṣọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ohùn híhá nìkan ni tèmi. Bí mo bá sì délé, ó ti rẹ̀ mí débi pé n kì í lè ṣe kátà (ọ̀wọ́ ìṣípòpadà tí a tò tẹ́lẹ̀) kan ṣoṣo fún ara mi. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ni mo wá ń wò bí ẹni tí ń bá ẹlòmíràn ṣọ́ ìsọ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ orúnkún mi ọ̀tún. Àwọn oníṣègùn sọ pé kèrékèré inú rẹ̀ ti jẹ. Wọn kò ní kí n fi kàrátè sílẹ̀, wọ́n ní kí n fi òye ṣe é ni. Mo ṣì lè ta mae-geri (ìpá iwájú) dáadáa, ṣùgbọ́n mawashi-geri (ìpá tí ń yí wá láti ẹ̀gbẹ́) mi kò kọjá ìbàdí mọ́, bẹ́ẹ̀ mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní láti ta á dé etí ẹni tí wọ́n dojú kọ nínú ìdíje. Ó ń ṣe mí bíi pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ ènìyàn ní ohun tí èmi kò lè ṣe lójú wọn.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi ní kí n fi kíkọ́ni sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kí n máa jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ìdánwò bẹ́líìtì nìkan. Àwọn mìíràn ní kí n forúkọ sílẹ̀ fún dan (ipele bẹ́líìtì dúdú) tí ó kàn, pé ìyẹn ni yóò fi tipátipá dá mi padà sẹ́nu ìdánrawò. Kò sí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é tí ìdánrawò tiyín kò fi kú? Báwo sì ni a ṣe ń kọ́ni ní ohun tí ara kò lè fi hàn mọ́?

Kíhọ̀n_Àfẹ̀mọ́júmọ́:

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Lójú tèmi, kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó kọ́kọ́ ń gba ìdánrawò lọ́wọ́ olùkọ́. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe kíláàsì ni, ọ̀nà náà kò sì tíì pẹ́ láyé tó bí a ṣe rò.

Ní Okinawa àtijọ́, erékùṣù Japan tí kàrátè ti ṣẹ̀ wá, ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni ó ń lọ sọ́dọ̀ olùkọ́, lóru ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nínú àgbàlá ilé rẹ̀. Gichin Funakoshi, ẹni tí ó dá Shotokan sílẹ̀, tí a bí ní Shuri ní Okinawa ní ọdún 1868, jẹ́ kí a mọ bí òun ṣe máa ń tan àtùpà rìn lọ sílé olùkọ́ rẹ̀, Anko Azato, tí Azato yóò jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, tí òun yóò sì wà nínú àgbàlá tí yóò máa ṣe kátà kan náà, oṣù dé oṣù, títí olùkọ́ yóò fi gbà pé ó kúnjú ìwọ̀n. Kátà Tekki mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan gbà á ní ọdún mẹ́wàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ibi tí Azato wà: ó jókòó. Kò ka nọ́ńbà, kò ta ìpá kankan láti fi ṣàpẹẹrẹ. Ó ń wo ẹnì kan ṣoṣo, ó sì mọ ohun tí ó ń wò.

Anko Itosu, tí òun náà kọ́ Funakoshi, ni ó mú kàrátè wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Okinawa ní ọdún 1901, òun náà ni ó ṣètò kátà Pinan máràrún tí àwa onímọ̀ Shotokan ń pè ní Heian, kí ó lè rọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn púpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní ìlà, tí ẹnì kan dúró níwájú tí ó ń pàṣẹ bí ẹni tí ń darí ẹ̀kọ́ eré ìdárayá. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Bí kò bá sí ti Itosu ni, àwa méjèèjì kò ní mọ kàrátè. Ṣùgbọ́n ètò tí ó mú kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè kọ́ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, orí ẹni tí ó dúró níwájú ni gbogbo rẹ̀ dá lé, torí pé òun nìkan ni kò sí àyè kí ó kọ́ nǹkan kan ní wákàtí yẹn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe retí kí ìdánrawò yín jáde láti inú kíláàsì. Kí ẹnikẹ́ni tó dé dójò ni kí ẹ ti ṣe tiyín, kì í ṣe lẹ́yìn kíláàsì, nítorí lẹ́yìn kíláàsì kò sí ohun tí ó kù nínú agbè. Ẹ mú kátà kan, ẹ má ṣe mú mẹ́ta, kí ẹ sì dúró tì í fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá dójò kan tí wọn kò ti mọ̀ yín sí olùkọ́, kí ẹ lọ dúró sí ẹ̀yìn ìlà níbẹ̀ kí ẹlòmíràn máa kà fún yín. Ẹ óò rí i pé nígbà tí kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ mọ nọ́ńbà tí ó kàn, ara yín yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn lọ́nà tí ó ti gbàgbé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ojú yóò ti yín, ẹ rántí pé Funakoshi ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó ti ṣe tíṣà ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó lọ fi kàrátè hàn ní Tokyo ní ọdún 1922. Ó dúró síbẹ̀, ó ń gbé ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Meisei Juku, òun ni ó ń gbálẹ̀, tí ó ń tọ́jú àgbàlá, tí ó sì tún ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tí ó wá bá a.

Nínú kíláàsì yín pàápàá, ẹ yan akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan kí ó máa kà, kí ẹ̀yin wọ inú ìlà. Kò ní kà á bí ẹ ṣe ń kà á. Ẹ jẹ́ kí ó kà á bẹ́ẹ̀.

Oríkèé:

Ẹ kú àárọ̀ o. Iṣẹ́ títọ́jú oríkèé àti iṣan ni mo ń ṣe, mo sì tún ń wọ aṣọ funfun nígbà tí àyè bá wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lè rọ́pò ohun tí oníṣègùn yín rí pẹ̀lú ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú àlàyé yín tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ kà lẹ́ẹ̀mejì: "mo lè ju ẹ̀ṣẹ́ kan tàbí kí n ta ìpá kan láti fi ṣàpẹẹrẹ, lẹ́yìn náà ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn."

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti na ara wọn, wọ́n ti gbóná. Olùkọ́ ti dúró títí ara rẹ̀ ti tutù, ó kàn ta ìpá kan lójijì pẹ̀lú gbogbo agbára, nítorí ojú ènìyàn wà lára rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó rí bákan. Ẹsẹ̀ kan náà ni ó sì máa ń lò ní gbogbo ìgbà. Ẹ wo ara yín nígbà tí ẹ bá tún ń ṣàpẹẹrẹ: bóyá ní ogún ọdún tí ẹ ti ń kọ́ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó ta èyí tí ó pọ̀ jù, ẹsẹ̀ òsì ni ó sì ń gbé ara ró. Mo máa ń rí i lára àwọn olùkọ́ tí ó wá sọ́dọ̀ mi pé ìgbáròkó ọ̀tún àti ti òsì kò rí bákan náà mọ́.

Nípa mawashi-geri, ẹ máa wo ẹsẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ ju èyí tí ó wà lókè lọ. Bí ìbàdí bá yí tí àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ kò bá yí tẹ̀lé e, orúnkún ni yíyí náà yóò já sí, orúnkún kì í sì í ṣe oríkèé tí a dá fún yíyí. Gìgísẹ̀ gbọ́dọ̀ yí débi pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí ẹni tí ẹ ń ta. Ohun tí ó dára níbẹ̀ ni pé gbogbo èyí hàn kedere nínú ìpá tí kò kọjá ìbàdí. Gígbé orúnkún sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́, yíyí gìgísẹ̀, ṣíṣí ìbàdí, fífa ẹsẹ̀ padà kí a tó gbé e sílẹ̀: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbọ́dọ̀ dé etí ẹnikẹ́ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i. Ẹ fọwọ́ kan ògiri, kí ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀ lápá méjèèjì. Ọ̀dọ́ tí ó lè ta ìpá kíákíá dé òkè ni ó máa ń ṣubú nígbà tí mo bá ní kí ó ta á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Nínú kiba-dachi (ìdúró ẹṣin) àti zenkutsu-dachi (ìdúró iwájú), ẹ má ṣe jẹ́ kí orúnkún wọnú. Kí ó máa tọ ọ̀nà tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí. Bí ìdúró náà bá sì kúrú díẹ̀ ju ti àwọn ọmọ lọ, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ tí a ń jù sínú afẹ́fẹ́ náà, kí ìgbọ̀nwọ́ má ṣe là tán pátápátá ní òpin rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ó gba agbára náà ju oríkèé fúnra rẹ̀ lọ.

Ohùn híhá tí ẹ mẹ́nu bà náà, àìsàn iṣẹ́ ni òun náà. Kí ẹlòmíràn máa kà.

Ìyá_Kúmítè:

Ẹ̀gbọ́n Kíhọ̀n, mo júbà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Kátà kan láàárọ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń dá nìkan ṣe ìdánrawò fún ọdún púpọ̀, tí ó sì jẹ́ olùkọ́, ohun kan wà tí kò ní mọ̀ nípa ara rẹ̀ mọ́, òun ni pé kò sí ẹni tí ń gbógun tì í ní òtítọ́.

Ẹ wo bí olùkọ́ ṣe máa ń ṣàpẹẹrẹ kúmítè (ìjà ìdánrawò láàárín ẹni méjì). Ó pe akẹ́kọ̀ọ́ kan jáde, ó ní kí ó ju oi-zuki (ẹ̀ṣẹ́ tí a ń jù bí a ti ń gbé ẹsẹ̀ síwájú) sí òun lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà jù ú bí wọ́n ti ní kí ó ṣe, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún kí olùkọ́ lè rí i mú. Olùkọ́ yẹ̀ ẹ́, ó dá ẹ̀ṣẹ́ padà, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bí a bá ṣe èyí fún ogún ọdún, ta ni ó mọ̀ bóyá ojú olùkọ́ ṣì yá, bóyá ó ṣì mọ àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàárín òun àti ẹni tí ó dojú kọ ọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ní lù wá, nítorí ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò kọ́ni ní nǹkan kan.

Ọ̀nà kan wà tí kò ní pa orúnkún lára. Ẹ wá ẹlẹgbẹ́ yín kan tí ipò yín bára mu, kí ẹ jọ ṣe ippon-kumite (kúmítè tí a ń gbógun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo) láìjẹ́ pé ẹni tí ó ń gbógun wá sọ ibi tí yóò lù tẹ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìrìn ìgbín, kí ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ìpá tí ó gbọ́dọ̀ kọjá ìgbànú. Àwọn àgbà méjì lè ṣe èyí títí wọn yóò fi di arúgbó. Mo gbà pẹ̀lú yín pé kí Ọ̀gá wọ dójò ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kí ó wọ ibi tí wọn yóò ti fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ dan ńkọ́? Kàrátè kò bá dan wáyé. Jigoro Kano, ẹni tí ó dá júdò sílẹ̀, ti ń lo ètò náà nínú júdò kí Funakoshi tó yá a lò, ọdún 1924 ni ó sì kọ́kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní bẹ́líìtì dúdú. Itosu kò ní dan, Kanryo Higaonna tí ó kọ́ Chojun Miyagi, ẹni tí ó dá Goju-ryu sílẹ̀, kò ní. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánwò náà nítorí pé ẹ fẹ́ kí ojú tí kò mọ̀ yín wò yín, ẹ lọ ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni yóò lé yín jáde lórí ibùsùn, oṣù tí ó tẹ̀ lé ìdánwò ni ẹ óò tún padà síbi tí ẹ wà yìí.

Ní ti ẹ̀tọ́ láti kọ́ni ní ohun tí ara kò lè ṣe mọ́, n kò tilẹ̀ ka ìyẹn sí ìbéèrè. Tsuguo Sakumoto gba ipò kìíní lágbàáyé nínú kátà ní 1984, 1986 àti 1988. Nígbà tí Ryo Kiyuna, ọmọ Okinawa tí Sakumoto kọ́, gba wúrà kátà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ta ni ó bèèrè bóyá Sakumoto ṣì lè fò bí ó ti ń fò nígbà yẹn? Ojú rẹ̀ ni Kiyuna nílò. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa obìnrin kún un: ẹni ọdún 39 ni Sandra Sánchez ti Sípéènì nígbà tí ó gba wúrà kátà ní ìdíje kan náà, nítorí náà kí a má tètè máa pe ara wa ní arúgbó níhìn-ín.

Bẹ́líìtì_Búráùn:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dá sí i. Mo ti kọjá ìgbà ọ̀dọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ kàrátè, olùkọ́ mi sì dàgbà jù mí lọ dáadáa. Kì í ta ìpá sókè rárá. Ní ọjọ́ tí ó fẹ́ kọ́ wa ní mawashi-geri, ó wí fún wa ní gbangba pé, "Èmi kò lè ta á dé orí mọ́, lágbájá ni yóò ta á kí ẹ rí i, èmi ni yóò sọ ohun tí ẹ máa wò." Ọ̀rọ̀ tán. Kò sí ẹni tí ó fojú kéré rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí n kò rí lọ́dọ̀ ọ̀dọ́ kankan, ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi kọ́ mi. Nígbà tí gyaku-zuki (ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn) mi kò lágbára, ó bèèrè bóyá òun lè fọwọ́ kàn mí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé egungun ìbàdí mi lápá ọ̀tún, ó ní kí n ju ẹ̀ṣẹ́. Mo jù ú. Ó ní, "Ọwọ́ ti lọ, ìbàdí kò tíì jí." A ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra, láìsí àlàyé mìíràn, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi kọ́kọ́ yẹ̀ kí ọwọ́ mi tó jáde. Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ Goju-ryu ní irú rẹ̀ nínú kátà Sanchin, tí olùkọ́ ń fi ọwọ́ gbá èjìká àti itan akẹ́kọ̀ọ́ láti mọ ibi tí ara ti dẹ̀. Irú ìmọ̀ báyìí kò nílò orúnkún.

Mo rò pé àwọn tí ń díje nìkan ni ó ń fẹ́ olùkọ́ tí ń fò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo fídíò.

Ìdúró_Ẹṣin:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gidigidi. Oríkèé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ lóòótọ́, mo sì ti pinnu pé òsì ni yóò máa kọ́kọ́ lọ láti ìsinsìnyí, lẹ́yìn tí mo bá ti bá àwọn ọmọ na ara. Ìyá_Kúmítè, ẹlẹgbẹ́ mi kan wà tí a jọ gba bẹ́líìtì dúdú, tí òun náà ń ráhùn bí èmi. N óò kọ̀wé sí i lónìí. Ọ̀rọ̀ dan, mo ti gbé e tì ná.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí ó ń kọ mí lóminú nínú àbá Ẹ̀gbọ́n Kíhọ̀n. Mo ti gbìyànjú rí láti wọ inú ìlà kí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà máa kà. Àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn mi sinmi pátápátá, nítorí wọ́n mọ̀ pé ojú mi kò sí lára wọn. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é tí ìdánrawò yín kò fi di ìsinmi fún wọn?

Kíhọ̀n_Àfẹ̀mọ́júmọ́:

Ìyá_Kúmítè, mo gba ti ẹlẹgbẹ́ tí kò ní bọ̀wọ̀ fúnni yẹn. Ó yẹ kí n fi kún tèmi.

Ọ̀gá, ẹ má ṣe wọ iwájú ìlà. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, sí igun, níbi tí àwọn tí bẹ́líìtì wọn ṣì funfun máa ń wà. Ẹni tí ẹ wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí ẹ ń wo òun, nítorí náà yóò máa ṣe é bí ẹni tí ẹ ń wò ní gbogbo ìgbà. Láti ẹ̀yìn náà ni ẹ ti máa rí àwọn gìgísẹ̀ tí ó ń gbéra nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ju ẹ̀ṣẹ́, èyí tí ẹni tí ó dúró níwájú kì í rí. Ẹ kàn rántí pé nígbà tí Heian Shodan (kátà Heian àkọ́kọ́) bá yí, tí gbogbo ìlà kọjú sẹ́yìn láti máa padà bọ̀, ẹ̀yin ni ẹ óò di ẹni iwájú, gbogbo wọn ni yóò sì máa wo ẹ̀yìn yín. Ẹ máa rẹ orúnkún sílẹ̀ dáadáa.